Àdùkẹ́, má tíì kó ẹrù rẹ

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Ohun tí o sọ lórí fóònù lálẹ́ àná kò jẹ́ kí n sùn: pé òórùn yàrá tí ẹ ti ń la òkú kò jẹ́ kí oúnjẹ wọlé sí ọ lẹ́nu, pé o fẹ́ yí kọ́ọ̀sì padà. Mi ò ní bá ọ jà. Ọdún 32 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì, mo mọ òórùn náà. Àmọ́ jẹ́ kí n sọ ti ọkùnrin kan fún ọ ná.

Giovanni Battista Morgagni lorúkọ rẹ̀. Ìlú Forlì ní Ítálì ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1682, ó sì gboyè ìṣègùn ní Bologna nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 19. Láyé ìgbà náà, bí ara ẹnìkan ò bá yá, omi mẹ́rin inú ara ni ọ̀pọ̀ dókítà máa ń dá lẹ́bi, pé wọn ò dọ́gba. Morgagni ní tirẹ̀ fẹ́ mọ ibi tí àrùn jókòó sí gan-an. Yóò kọ ohun tí aláìsàn ń ráhùn sílẹ̀. Bí onítọ̀hún bá kú, yóò la òkú, yóò wá gbé méjèèjì síra wọn.

Ṣé o rántí bàbá àgbà rẹ, tí apá ọ̀tún rẹ̀ rọ? Wọ́n ní ọfà ni wọ́n ta á. (Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà, nọ́ọ̀sì bíi tèmi!) Nínú òkú àwọn tí rọpárọsẹ̀ pa, Morgagni rí i pé bó bá jẹ́ ọ̀tún ló rọ, apá òsì ọpọlọ ló bàjẹ́. Valsalva ọ̀gá rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ sọ ọ́. Morgagni ló wá ẹ̀rí kún un.

Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ẹ̀yà ara ní Padua ní 1715. Ìwé ńlá rẹ̀ lórí ibùjókòó àti okùnfà àrùn kò jáde títí di 1761, ó ti di ẹni ọdún 79! Lẹ́tà 70 ló wà nínú rẹ̀, ó kọ wọ́n bí ẹni ń kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó kéré sí i. Ọmọ 15 ló sì bí. Mo máa ń bi ara mi pé ìgbà wo ló ń ráyè kọ ọ́.

Ra ìwé kékeré kan. Bí o bá dé wọ́ọ̀dù lọ́jọ́ iwájú, ọ̀rọ̀ ẹnu aláìsàn ni kí o kọ, má kọ gírámà tìrẹ. Bí èsì bá jáde, ṣí ojú ewé yẹn padà. Èyí tí o bá ṣì, má ya á.

Fi Robb díẹ̀ ra ihò imú kí o tó wọlé lọ́jọ́ Ajé. Mo ti fi gaàrí àti ẹja gbígbẹ rán awakọ̀. Pè mí bó bá dé ọwọ́ rẹ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ