Kẹ̀kẹ́ orí òkè tó eré ìdárayá ṣe lórí títì ọlọ́dà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Lẹ́tà òǹkàwé kan tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ó mú mi gbé gègé. Ẹni náà ní òun fẹ́ ta kẹ̀kẹ́ orí òkè tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, nítorí wọ́n ti sọ fún òun pé kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣe fún inú igbó àti orí àpáta kò wúlò lórí títì ọlọ́dà, àfi kí òun lọ wá owó kẹ̀kẹ́ ìdíje kí òun tó lè fi kẹ̀kẹ́ ṣe eré ìdárayá. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, torí pé irú kẹ̀kẹ́ orí òkè bẹ́ẹ̀ gan-an, tòkunbọ̀ ni pẹ̀lú, ni mo ti ń gùn nílùú Ìbàdàn láti ọdún 6 sẹ́yìn, nígbà tí dókítà wo ẹ̀jẹ̀ mi tí ó ní ó ti ń ru.

N kò ní jiyàn pé kẹ̀kẹ́ yìí kì í yá lórí ọ̀dà. Àwọn ará Kalifóníà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, ohun tí yóò gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè eléruku láì fọ́ ni wọ́n ń wá. Ìdí nìyẹn tí táyà rẹ̀ fi fẹ̀ tí ó sì ní eyín. Bí eyín wọ̀nyí bá ti ń tẹ ọ̀dà ni wọ́n ń wọ́, agbára ẹsẹ̀ ẹni ni wọ́n sì ń jẹ. Bí ènìyàn ṣe ń jókòó nàró lórí rẹ̀, gbogbo àyà ni ó fi ń gba atẹ́gùn tó ń fà á sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá ìlera kò bá ẹnikẹ́ni sáré ìje. Ìṣẹ́jú 150 sí 300 eré ìdárayá tó mọ níwọ̀n lọ́sẹ̀ kan, tàbí 75 sí 150 èyí tó le, ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa ṣe, wọn kò sì sọ iye kìlómítà tí ó gbọ́dọ̀ bọ́ sí i. Bí ẹlòmíràn bá fi kẹ̀kẹ́ ìdíje kúrò ní Bódìjà tí ó sì ṣáájú mi dé Mọ́níyà, èmi tí mo pẹ́ lọ́nà ni ọkàn mi ṣiṣẹ́ pẹ́.

Ẹ jẹ́ ká tún wo títì náà fúnra rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ohun tí à ń pè ní títì ọlọ́dà ni ọ̀dà ṣì wà lórí rẹ̀. Etí rẹ̀ ti jẹ, àgbàrá ti kó yanrìn sí i, bọ́m̀pù tí ẹnikẹ́ni kò kùn lọ́dà wà níwájú ilé ìwé àti ilé ìjọsìn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò, lójú ọ̀nà Sángo, mo kó sínú kòtò tí omi ti bò mọ́lẹ̀. Táyà iwájú wọlé, ó jáde, mo sì ń bá tèmi lọ. N kò fẹ́ ronú ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ ká ní táyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo gbé wọ inú rẹ̀.

Ohun tí mo fi ń rọ òǹkàwé yín ni pé kí ó tún kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣe kó tó kórìíra rẹ̀. Ìjókòó ni kí ó kọ́kọ́ wò. Púpọ̀ nínú wa ló ń rẹ ìjókòó sílẹ̀ jù kí ẹsẹ̀ méjèèjì lè balẹ̀, lẹ́yìn náà a ó máa ní kẹ̀kẹ́ ló ń fa orúnkún dídùn. Kí ó jókòó, kí ó fi gìgísẹ̀ tẹ pẹ́dà títí yóò fi dé ìsàlẹ̀ pátápátá: ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ nà tán. Nígbà tó bá wá fi iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bó ti yẹ, orúnkún yóò ká díẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ìjókòó yẹ kó wà. Ọ̀sẹ̀ méjì péré lẹ́yìn tí mo gbé tèmi ga ni ìrora tí mo ti fi ọ̀pọ̀ oṣù gbé kiri lọ.

Lẹ́yìn èyí, kí ó bọ́ táyà eléyín, kí ó wá èyí tí ojú rẹ̀ dán tí ó bá réèmù rẹ̀ mu. Tèmi jẹ́ íǹṣì 26, mo sì wá táyà tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ íǹṣì kan ààbọ̀. Iye afẹ́fẹ́ tó yẹ wà lára táyà, kí ó sì ní kí fọkanáísà fi géèjì wọ̀n ọ́n, kí ó má kàn fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lásán.

Jíà ni ẹ̀bùn tó tóbi jù lára kẹ̀kẹ́ yìí. Tèmi ní mẹ́ta ní iwájú, méje lẹ́yìn; ọ̀kọ̀ọ̀kan ti iwájú lè bá méjèèje ẹ̀yìn ṣiṣẹ́, 21 nìyẹn, àwọn tó fúyẹ́ nínú wọn sì lè gbé àgbàlagbà gun Òkè Mọ́kọ́lá láì sọ̀ kalẹ̀. Kí ó lo èyí tó fúyẹ́, kí ẹsẹ̀ lè máa yí ní ìgbà 70 sí 90 láàárín ìṣẹ́jú kan, dípò kó máa fi èyí tó wúwo ni orúnkún lára. Bí ó bá ṣì lè sọ gbólóhùn kan parí ṣùgbọ́n tí kò lè kọrin, eré náà mọ níwọ̀n.

Kí ó dé àṣíborí, kí ó tan iná iwájú àti ẹ̀yìn ní ìdájí, kí ó sì máa gba ọwọ́ ọ̀tún bí mọ́tò ti ń gbà á. Ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n ní kó kọjú sí ọkọ̀. Ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ tó bá ń gba wánwèé ń wá ìjàǹbá ni.

Mo bẹ ẹni náà, nípasẹ̀ yín, kó dá ọwọ́ títa kẹ̀kẹ́ náà dúró fún oṣù kan. Kí ó gbé ìjókòó ga, kí ó pààrọ̀ táyà, kí ó sì gùn ún ní ìdájí ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Bí ó bá ṣì fẹ́ tà á lẹ́yìn náà, kí ó kọ̀wé sí yín. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń wá irú rẹ̀.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Bódìjà, Ìbàdàn.