Ẹ jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ lè lanu sọ̀rọ̀

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀gá kan l'Abẹ́òkúta níbí ló ká mi lára. Ní ṣọ́ọ̀bù aládìírẹ kan ní Ìtòkú, ọmọ iṣẹ́ rí i pé aró ò tíì ṣe é rẹ aṣọ, ó fẹ́ sọ, àmọ́ ó ti kí ọ̀gá láàárọ̀ wọn ò dá a lóhùn, wọ́n tún jágbe mọ́ ọn níwájú kọ́sítọ́mà, ló bá panu mọ́, bí aṣọ ṣe bàjẹ́ nìyẹn. Amy Edmondson, ọ̀jọ̀gbọ́n Harvard, rí i ní ọsibítù l'Amẹ́ríkà pé àwọn tíìmù tó dáa jù gan-an ló ń sọ àṣìṣe wọn jù, torí ẹ̀rù ò bà wọ́n. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa dáhùn tí wọ́n bá kí yín, ẹ má sì bú ẹni tó wá sọ pé nǹkan fẹ́ bàjẹ́.

Òǹkàwé yín, Abẹ́òkúta.