Ẹ Bá Wa Ròyìn Orin Náà, Ẹ Fi Aṣọ Sílẹ̀ Ná

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú sí mi, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí látìgbà tí mo ti ka ìròyìn tí ẹ gbé jáde lórí àjọ̀dún orin ìta gbangba tó kọjá yẹn. Odindi ojú ìwé méjì! Ẹ sọ ẹni tó wá, ẹ sọ aṣọ tó wọ̀, ẹ sọ ẹni tó pẹ́ dé, ẹ tún gbé fọ́tò ẹni tó ṣubú sínú ẹrẹ̀ síbẹ̀ (ìyẹn pa mí lẹ́rìn-ín ṣá, mi ò ní purọ́), ṣùgbọ́n kò sí gbólóhùn kan báyìí lórí bí orin yẹn ṣe dún. Ṣé torí aṣọ la ṣe wà lórí ìdúró látọ̀sán dalẹ́ ni àbí torí orin?

Èmi wà níbẹ̀ o. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń lọ síbi orin láìpa ọ̀kan jẹ, ojú mi sì ti rí díẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, bí wọ́n ṣe ṣí géètì báyìí ni mo sá eré dé iwájú, mo dì mọ́ irin tí wọ́n fi dábùú iwájú sítéèjì, sípíkà ńlá kan wà lápá òsì mi tó ga fíofío, mo ní lónìí mo ti ríbi dúró sí. Hẹn! Báàsì ń lù mí láyà gbì gbì gbì bí ẹni ń fi ọmọ odó gún mi, tí olórin bá la ẹnu mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tó ń wí, àṣé àwọn sípíkà tó ń gbé ohùn rẹ̀ jáde òkè ni wọ́n so wọ́n kọ́, wọ́n ń ju ohùn kọjá lórí àwa tá a wà nísàlẹ̀ lọ bá àwọn ará ẹ̀yìn. Mo délé, etí mi ń hó yee fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, téèyàn bá ń bá mi sọ̀rọ̀ àfi bíi pé inú kànga ló wà.

Ẹni tó là mí lójú ni ọmọkùnrin kan tó ń ṣe sáùǹdù, àwọn tó máa ń wà nínú àgọ́ kékeré láàárín èrò yẹn, tí gbogbo èèyàn ń bínú sí pé ó dí àwọn lójú. Ó ní, "Àǹtí, ẹ̀gbẹ́ àgọ́ wa níbí ni kẹ́ ẹ máa dúró sí. Ohun tí mò ń gbọ́ níbí ni mò ń tò, ẹni tó bá dúró tì mí ló máa gbọ́ ọ bí mo ṣe tò ó." Mo bá dúró tì í. Ìka kan ṣoṣo ló fi ti nǹkan kékeré kan sókè lórí mísà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń to ohùn pọ̀, kò ju ìbú èékánná lọ, bẹ́ẹ̀ ni fèrè tí mi ò tíì gbọ́ látàárọ̀ yọjú wẹ́rẹ́ láàárín gìtá méjì. Mo pariwo. Kò tiẹ̀ wojú mi, ó ti ń wá nǹkan mìíràn kiri.

Ẹ wò ó, orin inú ilé àti orin ìta kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Tó bá jẹ́ inú ilé, ògiri máa dá ohùn padà sí wa, ní ìta ohùn tó bá ti jáde ó ti lọ nìyẹn, afẹ́fẹ́ ló ni ín. Mo ti rí i tí atẹ́gùn kan ṣoṣo fẹ́, tí ohùn olórin yà bàrá sí apá kan tó tún padà. Oòrùn náà ń dá sí i. Lọ́sàn-án tí ilẹ̀ bá gbóná ohùn máa ń tẹ̀ sókè, àwọn tó wà lẹ́yìn á máa gbọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tó bá wá di alẹ́ tí ilẹ̀ ti tutù, ohùn náà á tẹ̀ wá sílẹ̀, á sì rìn jìnnà. Torí náà ẹ má tètè bú àwọn ẹgbẹ́ tó bá ṣeré lọ́sàn-án pé wọn ò mọ̀ ọ́n ṣe, ìgbà mìíràn oòrùn ni kẹ́ ẹ bú.

Èyí tó wù mí jù nínú gbogbo ẹ̀ ni pé ohùn kì í yára tó bí a ṣe rò. Nǹkan bíi mítà 343 ló ń rìn ní sẹ́kọ́ǹdù kan, ẹni tó bá jìnnà tó bẹ́ẹ̀ sí sítéèjì á rí ọ̀pá onílù tó ti balẹ̀, sẹ́kọ́ǹdù kan á kọjá kí ìró rẹ̀ tó dé bá a. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ri òpó sípíkà mọ́ àárín pápá, tí wọ́n á wá mọ̀ọ́mọ̀ dá ohùn ti òpó yẹn dúró díẹ̀ kó dúró de ti sítéèjì, kí méjèèjì jọ wọlé. Tí wọn ò bá ṣe é re, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà, bí ìgbà tí ọmọ burúkú kan ń sín olórin jẹ. Níbi èyí tí ẹ ròyìn yìí, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe lápá ọ̀tún látọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú, oníròyìn yín ò gbọ́, fìlà ló ń wò.

Òjò ńkọ́? Òun àti àjọ̀dún orin ti jọ ń bọ̀ ọjọ́ ti pẹ́. Àjọ̀dún orin Woodstock ọdún 1969 ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà, tí èèyàn tó lé ní 400,000 pé jọ sínú oko bàbá kan tó ń sin màlúù, bí olórin kan, Joe Cocker, ṣe kọrin tán lọ́jọ́ Sọ́ńdè ni ìjì dé, ètò bá dojú rú, Jimi Hendrix, onígìtá tó máa kásẹ̀ ẹ̀ nílẹ̀, àárọ̀ Mọ́ńdè ló tó gun sítéèjì, ọ̀pọ̀ èrò sì ti wábi gbà. Ẹ ò rí nǹkan!

Tiwa ò tó yẹn, àmọ́ ó tó mi. Òjò dé wìì, àwọn ọmọ sáùǹdù sáré fi tapólì bo mísà, wọ́n pa gbogbo iná, sípíkà dákẹ́ lójijì, orin dá sí àárín ègbè. Onílù kan ò dìde o. Ó ń lu ìlù rẹ̀ lọ láìsí máíkì, awọ ìlù náà ń rọ̀ nínú omi, ìró rẹ̀ ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn tó wà níwájú bá gbé ègbè tó dá yẹn, àwọn tó tẹ̀ lé wọn gbà á, mo ń gbọ́ ọ bó ṣe ń rìn bọ̀ lọ́dọ̀ wa bí ìgbì omi, ó dé ọ̀dọ̀ wa ó tún kọjá lọ sẹ́yìn, iwájú ti parí ìlà kan kí ẹ̀yìn tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, kò bára mu rárá, ta ni ìyẹn kàn! Obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí di ọwọ́ mi mú, omi ń ṣàn ní ìgbọ̀nwọ́ àwa méjèèjì, a ń kọrin sójú ara wa. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbé fóònù sókè láti gbà á sílẹ̀, èmi náà gbà díẹ̀, ìgbà tí mo délé tí mo gbọ́ ọ, àfi bíi kòkòrò tó há sínú agolo.

Ọ̀rọ̀ etí tún wà ńlẹ̀ o. Mo rí ọmọ kékeré kan lórí èjìká bàbá rẹ̀ níwájú sípíkà báyìí, nǹkan kan ò bo etí rẹ̀. Irun tín-tìn-tín tó wà nínú etí tá a fi ń gbọ́ràn, tó bá ti kú kì í hù mọ́. Lọ́dún 2022 ni àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé ìlànà jáde fún ibi orin, pé ìpíndọ́gba ariwo láàárín ìṣẹ́jú 15 kò gbọdọ̀ ju dẹ́síbẹ́lì (òṣùwọ̀n ariwo) 100 lọ, kí wọ́n fún àwọn èrò ní nǹkan tí wọ́n á fi dí etí, kí ibi jẹ́jẹ́ sì wà téèyàn lè lọ fi etí sinmi. Àwọn kan máa ń sọ pé téèyàn bá dí etí adùn orin ti lọ. Lóòótọ́, tó bá jẹ́ ti fóòmù, ńṣe ló máa dà bíi pé wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo sípíkà, àmọ́ èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn olórin ń rẹ gbogbo ohùn sílẹ̀ bákan náà ni, mo ń lò ó, mò ń gbọ́ fèrè mi kedere.

Ohun tí mò ń bẹ̀ yín ò ju pé nígbà tó bá tún ku àjọ̀dún mìíràn, kí oníròyìn yín bá wa béèrè ṣé wọ́n ń wọn ariwo, ṣé nǹkan ìdí etí wà, kó rìn dé ẹ̀yìn pátápátá kó gbọ́ bó ṣe ń dún níbẹ̀, kó tó máa ya fọ́tò. Tó bá rẹ̀ ẹ́, kó wá bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgọ́ àwọn onísáùǹdù. Èmi ni mo máa wọ bàtà òjò, bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn.

Èmi ni tiyín,
Ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn yín láti ẹ̀yìn wá síwájú