Lẹ́tà sí Bàbá mi ní Jos

Winnipeg, Kánádà

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú ọyẹ́. Mo mọ̀ pé ètè àti gìgísẹ̀ á ti máa sán ní Jos báyìí. Òtútù tibí kọjá àfẹnusọ, ṣùgbọ́n ara àwọn ọmọ le. Owó oògùn Màámi ti wà lọ́wọ́ àbúrò mi.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lórí fóònù lọ́jọ́ Sátidé kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ ní lẹ́yìn Bitrus tó ṣe nínú eré orí tẹlifíṣọ̀n Cockcrow at Dawn, òṣèré Sadiq Daba kò ṣe nǹkan gidi kan mọ́ títí ó fi kú. Ẹ má bínú, Bàbá, n kò lè dákẹ́ sí ìyẹn.

Èmi náà rántí Bitrus. Bí Cockcrow at Dawn bá ti bẹ̀rẹ̀ lórí NTA, ẹsẹ̀ yín á kúrò lórí máṣínì, abẹ́rẹ́ á dúró sínú aṣọ oníbàárà, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ládùúgbò á ya wọlé wá wòran. Jos wa níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é. Ọ̀dọ́ arẹwà ni Daba nígbà náà, ohùn rẹ̀ sì ń dún ketekete bí ti ẹni tó ń ka ìròyìn, iṣẹ́ tó kúkú ṣe náà nìyẹn. Ta ni kò ní fẹ́ràn rẹ̀?

Ṣùgbọ́n fíìmù October 1 tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde ní 2014 ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Daba ti dàgbà nígbà náà. Òun ni Danladi Waziri, ọlọ́pàá Haúsá tí àwọn Òyìnbó rán lọ sí Akote, ìlú Yorùbá, kó wá ẹni tó ń pa àwọn ọmọbìnrin kí òmìnira 1960 tó dé. Wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ fíìmù ilẹ̀ Áfíríkà, AMAA, fún òṣèrékùnrin tó peregedé jù ní 2015. Síbẹ̀, ẹ bi ẹni tó wo fíìmù náà léèrè lónìí: ẹni tó pa wọ́n ni yóò máa ròyìn. Ẹni tó wá apànìyàn náà kò sí lẹ́nu wọn.

Kì í sáré sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ojú rẹ̀ ló ń lò, ẹ ó sì rí i pé ó ti rẹ̀ ẹ́ dénú egungun. Arúgbó ni mò ń tọ́jú níbí lálaalẹ́, mo mọ ojú ẹni tó mọ nǹkan tí kò gbọdọ̀ sọ. Bitrus kò lè ṣe ojú yẹn. Ọdún kò tíì tó lára rẹ̀. Haúsá kan ṣoṣo tó ń yẹ ọ̀rọ̀ wò láàárín Yorùbá: ẹ̀yin Yorùbá tó ti lo ogójì ọdún ó lé ní Jos ló yẹ kó kọ́kọ́ dá a mọ̀.

Àìsàn jẹjẹrẹ ti ń bá Daba fà á kó tó tún farahàn nínú fíìmù Citation ní 2020. Oṣù kẹta 2021 ló lọ.

Àbúrò mi yóò gbé October 1 sórí tẹlifíṣọ̀n fún yín ní Sátidé. Ó ju wákàtí méjì lọ. Bí ojú bá ń dùn yín, ẹ pín in sí alẹ́ méjì. Ẹ má jẹ́ kó sọ apànìyàn náà fún yín o. Bí ẹ bá dé ibi tí àwọn Òyìnbó ti ń rọ̀ ọ́ pé kó bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, ẹ wo ojú rẹ̀ dáadáa, kí ẹ wá pè mí. Aago yòówù kó lù níbí, n óò gbé e.

Èmi ni ọmọ yín,
Àkànkẹ́