Sí Àdùnní, lórí ẹ́ńsáìmù méjì tó fẹ́ so di ọ̀kan

Sàmárù, Zaria.

Àdùnní ọmọ mi,

Mo ka gbogbo ohun tí o fi ránṣẹ́ láti Gwagwalada. O ní ẹ fẹ́ so ẹ́ńsáìmù méjì (purotéènì tó ń mú kí iṣẹ́ kẹ́míkà yá), xylanase àti feruloyl esterase, pọ̀ di purotéènì kan ṣoṣo, kí ó lè máa tú okùn ara èèrí àlìkámà. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún yín pé àsopọ̀ yóò ṣe ju kí ẹ kàn da àwọn méjèèjì pọ̀ sínú ife kan lọ?

Iṣẹ́ wọn bára mu lóòótọ́. Xylanase ń gé xylan, ìyẹn okùn ṣúgà gígùn tó lọ́ mọ́ cellulose, okùn líle inú ògiri sẹ́ẹ̀lì ewéko; èkejì ń tú ferulic acid tó de okùn wọ̀nyẹn mọ́ra wọn àti mọ́ lignin, ohun tó ń mú kí igi le. Bí ìdè bá tú, ọ̀bẹ á ráyè wọlé. Ìṣẹ̀dá pàápàá ń ṣe irú rẹ̀: ní 1983 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Lamed àti Bayer ṣàpèjúwe bí bakitéríà Clostridium thermocellum ṣe ń to oríṣiríṣi ẹ́ńsáìmù jọ. Ṣùgbọ́n bakitéríà yẹn ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ju ẹ̀yin lọ.

Nítorí náà, nígbàkígbà tí o bá dán àsopọ̀ wò, gbé àdàlù ẹ́ńsáìmù méjèèjì tí a kò so pọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí iye mólékù wọn dọ́gba. Kì í ṣe gíráàmù o! Àsopọ̀ wúwo ju ẹyọ kọ̀ọ̀kan lọ, gíráàmù á tàn ọ́.

Ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìdè àárín wọn, ìyẹn ẹ̀wọ̀n amino acid kékeré tó so ẹ́ńsáìmù méjèèjì pọ̀. Bí ó bá kúrú jù, wọ́n á dà bí ẹni méjì tí a so lẹ́sẹ̀ pọ̀ pé kí wọ́n máa sáré. Amino acid glycine àti serine ń jẹ́ kí ó rọ̀, EAAAK (lẹ́tà àwọn amino acid márùn-ún tó tò tẹ̀ léra) ń jẹ́ kí ó le. Dán méjèèjì wò, kí o sì pààrọ̀ ẹ́ńsáìmù tó wà níwájú. (Àmì tó ń dá kíkọ́ purotéènì dúró ní ìparí jíìnì àkọ́kọ́, ẹ yọ ọ́, kí èkejì lè tẹ̀ lé e. Mo mọ̀ pé o mọ̀, ṣùgbọ́n bàbá ni mí.)

Ọ̀rọ̀ ooru ló kàn mí jù, torí mílì oúnjẹ adìẹ wa, tí a bá fẹ́ fi ẹ́ńsáìmù náà sínú oúnjẹ. Ẹ̀rọ tó ń sọ ọ́ di kóró máa ń gbóná kọjá 70 lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀ inú adìẹ kò ju nǹkan bí 41 lọ. Bí xylanase bá yè é tí esterase kú, wàhálà gbogbo ti di ti ẹ́ńsáìmù kan. Yan àwọn ẹ́ńsáìmù tí ooru àti ìwọ̀n kíkan (pH) tí wọ́n fẹ́ bára mu kí o tó náwó sórí jíìnì.

Má sì fi xylan inú ìgò tí wọ́n ń tà nìkan ṣe ìdánwò. Kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fà á yọ ti já ferulic acid kúrò lára rẹ̀. Kí ni esterase rẹ fẹ́ tú níbẹ̀? Èèrí gidi ni kí o lò, irú èyí tó ń ki nínú ìfun adìẹ, tó ń mú kí ìgbẹ́ wọn rọ̀, tí ilẹ̀ ilé wọn sì ń tutù.

Mo ti di dúsà (èèrí) àlìkámà àti pòpórò ọkà bàbà lílọ̀ sínú àpò kan. Awakọ̀ á gbé e dé lọ́jọ́ Ẹtì. Má jẹ́ kí ewúrẹ́ àwọn ará ilé rẹ rí i.

Bàbá rẹ.