Gbóyèga, èyí tó lẹ́nu CD ni kó o rà

Bódìjà, Ìbàdàn

Gbóyèga ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù Leeds o. Ìyàwó àti àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa náà wà ńbí, a dúpẹ́.

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tó o sọ lórí Fẹ́mi àbúrò ẹ. Ó ní kọ̀ǹpútà géèmù lòun fẹ́ kó o ra fóun, pé tó bá pẹ́, òun ló máa dínwó jù. Ìwọ ní PS5, ẹ̀rọ géèmù PlayStation tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ni, pé ẹ̀ẹ̀kan lèèyàn ń sanwó ẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì ò tíì ṣírò ọ̀rọ̀ yìí dé ìdí.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ owó ẹ̀ẹ̀kan tìẹ wò. PS4 tó ṣáájú rẹ̀ ń wálẹ̀ bó ṣe ń pẹ́ ni: £349 lọ́dọ̀ yín ní 2013, Slim rẹ̀, èyí tó tín-ín-rín, di £259 ní 2016. PS5 tó ń lo CD jáde ní £449.99 ní 2020, kàkà kó wálẹ̀, ó di £479.99 ní 2022. Ẹni tó bá tún fẹ́ máa bá àwọn ará orí íntánẹ́ẹ̀tì gbá bọ́ọ̀lù á san PlayStation Plus, owó àsanǹsan tí Sony tó ṣe é ń gbà. Wọ́n gbé èyí tó kéré jù níbẹ̀ dé £59.99 lọ́dún ní 2023. Ṣírò ẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, ó ti sún mọ́ £360. Ibí yìí ni Fẹ́mi ti jàre: wọn kì í gba irú owó yẹn lórí kọ̀ǹpútà. Steam, ṣọ́ọ̀bù géèmù kọ̀ǹpútà orí íntánẹ́ẹ̀tì, máa ń já owó géèmù wálẹ̀ gan-an, Epic tó jẹ́ irú rẹ̀ náà ń fúnni ní géèmù ọ̀fẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ṣùgbọ́n ta ni Fẹ́mi ń bá gbá? Mo máa ń gba iwájú ilé yín kọjá lọ́jọ́ Sátidé. Bàtà á kún ẹnu ọ̀nà, gbogbo wọn á jókòó sílẹ̀ ní pálọ̀, ẹni tó bá fìdí rẹmi á gbé pad tí wọ́n fi ń gbá a sílẹ̀, ẹlòmíì á gbà á. Ẹni tí alátakò rẹ̀ jókòó tì í, kí ló fẹ́ fi Plus ṣe? Pad ló máa ná wọn lówó. Ọ̀pá kékeré tí àtàǹpàkò ń yí lórí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fà fúnra rẹ̀, agbábọ́ọ̀lù á máa rìn lọ sí kọ̀rọ̀ nígbà tẹ́nikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án, ariwo á sọ. Àwọn ọmọ tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Queen Cinema ń tún un ṣe, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tó fi ń padà síbẹ̀.

CD gan-an ni PS5 fi na kọ̀ǹpútà nílùú yìí. Èyí tó bá ti sú Fẹ́mi, á gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, á fowó díẹ̀ lé e, á gba òmíràn. CD PS4 tó wà nílé yín náà á ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ti Steam ńkọ́? Tó o bá ti gbá a kọjá wákàtí méjì, kò sí pé o fẹ́ gbowó padà mọ́, o ò sì lè tà á fún ọmọ ìyá ẹ. Dọ́là ni wọ́n sì fi ń tà á fún wa, ìwọ náà mọ ohun tójú náírà rí láti 2023. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ gbọ́ orúkọ PS5 Digital tí kò lẹ́nu CD, tàbí PS5 Pro tó lágbára jù, tó jáde ní £699.99 láìlẹ́nu CD. Wọ́n ní kéèyàn lọ ra ẹnu lọ́tọ̀!

Iná ńkọ́? Ní oṣù kẹrin 2024, owó iná Band A, ti àwọn tó ń rí iná jù, fò lẹ́ẹ̀kan náà ju ìlọ́po mẹ́ta lọ, ó di ₦225 fún yúnìtì kan. Ó ti wálẹ̀ díẹ̀, kò tó nǹkan. PS5 ń jẹ nǹkan bíi 200 wáàtì tí géèmù bá wúwo. Kọ̀ǹpútà géèmù tó lágbára lè jẹ ìlọ́po méjì rẹ̀. Ínfátà kékeré bàbá yín á gbé PS5 àti tẹlifíṣọ̀n fúngbà díẹ̀. Tí wọ́n bá so kọ̀ǹpútà yẹn mọ́ ọn, kò ní pẹ́ tó fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Mi ò bú kọ̀ǹpútà o. Ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò wa ń fi tirẹ̀ ṣe fídíò ìgbéyàwó lọ́sàn-án, ó ń gbá géèmù lálẹ́. Owó tó fi rà á ti wọlé padà tipẹ́. Bí Fẹ́mi bá níṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, mi ò ní jiyàn. Àmọ́ iṣẹ́ ilé-ìwé tó ń pariwo ẹ̀ yẹn, laptop ẹ̀ ń ṣe é. Láti ìparí 2025 sì ni owó RAM, mẹ́mórì inú kọ̀ǹpútà, ti gbéra sọ nítorí àwọn ilé-iṣẹ́ AI tó ń kó o.

Torí náà, lọ wo PS5 tòkunbọ̀ tó lẹ́nu CD ní CeX, ṣọ́ọ̀bù tó ń ta àlòkù lọ́dọ̀ yín, kó o fi èyí tó bá ṣẹ́ kù ra pad kejì. Tó o bá ń bọ̀ ní Kérésì, inú báàgì tó o máa gbé dání ni kó o kó o sí, má fi í sínú ẹrù. Bá mi kí ìyàwó ẹ. Má sì jẹ́ kí Fẹ́mi mọ̀ pé èmi ni mo sọ ọ̀rọ̀ laptop yẹn o.

Èmi ni,
Délé