Sí Àbẹ̀kẹ́, Lórí Igi Tí Ẹ Fẹ́ Fi Sọgbà Yí Ilé Ká

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo rí fọ́tò ilé yín ní Mọ́níyà. Ó wù mí, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. O ní owó fẹ́ǹsì kò tíì sí, pé igi ni ẹ fẹ́ fi sọgbà, àti pé ọkọ rẹ ti bá àwọn lébìrà sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n wá gbìn ín. Igi dára. Ti lébìrà ni mi ò fara mọ́.

Ẹbí ni kí ẹ bẹ̀ lọ́wẹ̀. Kí àwọn àbúrò rẹ wá, kí àwọn àbúrò ọkọ rẹ náà wá, kí ẹ sì pe aládùúgbò tí ẹ jọ pààlà kí ó dúró tì yín nígbà tí ẹ bá ń ta okùn. Òpó kékeré tí awọnlẹ̀ rì mọ́lẹ̀, ẹnìkan lè hú u lóru. Ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀ kò ní gbàgbé ibi tí ilẹ̀ yín parí sí. Bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ lọ́la (Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ó ṣẹlẹ̀), níbo lẹ ó ti rí lébìrà tí ẹ sanwó fún?

Ẹ gbin pèrègún sí igun ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, torí àwọn àgbà mọ̀ ọ́n sí igi ààlà. Kí akòko tò láàrin. Ẹ̀yìnkùlé mi ni ẹ ó ti gé ìdajì ẹ̀ka tí ẹ ó gbìn. Ìdajì yòókù, lọ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ. Má rà á o. Bí wọ́n bá rí igi tiwọn tó ń ruwé nílé ọmọ wọn, ara wọn á máa yá láti wá kí yín.

Àwọn kan á ní kí ẹ gbin làpálàpá, pé ó ń yára hù, pé ewúrẹ́ kì í jẹ ẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ kékeré wà nílé yín. Kóró rẹ̀ máa ń dùn lẹ́nu ọmọdé, májèlé sì ni; èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ló ń fà. Má gbìn ín rárá.

Ẹ jẹ́ kí òjò rọ̀ dáadáa ná, títí wọ oṣù karùn-ún. Ẹ gé orí ẹ̀ka ní dídagun kí omi lè ṣàn kúrò, kí ẹ gé ìdí rẹ̀ kó tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ẹnikẹ́ni má baà fi orí rẹ̀ kanlẹ̀. Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà méjì sílẹ̀ sí ààlà, kí ẹsẹ̀ bàtà kan wà láàrin igi sí igi, kí ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀ka náà wọlẹ̀. Iṣẹ́ àwọn ọmọ ni kí wọ́n máa fi gìgísẹ̀ tẹ iyẹ̀pẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ títí yóò fi le, tí igi kò ní mì bí ẹ bá fọwọ́ tì í.

Bí ó bá ti ga tó ìbàdí, ẹ gé e lórí. Á dùn yín láti gé e, ṣùgbọ́n bí ẹ ò bá gé e, òkè nìkan ni yóò máa sáré lọ, ìsàlẹ̀ á sì wà ní ìhòòhò tí adìyẹ yóò máa gbà kọjá. Kí ìsàlẹ̀ fẹ̀ ju òkè lọ, kí oòrùn lè kan ewé ìsàlẹ̀.

Oúnjẹ ọ̀wẹ̀, fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi. Màá gbé èlùbọ́ àti ewédú bọ̀. Ẹ tètè sọ Sátidé tí ẹ bá mú, kí n lè gé akòko sílẹ̀ dè yín. Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ